Orí Kẹfà: Àwọ̀ tí Bílíìṣì Kó Lọ

Nínú iṣẹ́ tí àwọn aṣerunlóge ń ṣe ní London, Stockholm tàbí Berlin, èyí tó jọ pé ó rọrùn jù ló ń tàbùkù wọn jù. Ẹ jẹ́ ká mú oníbàárà kan tó ti pẹ́ tó ti ń fi bílíìṣì bó irun rẹ̀, tí irun náà ti funfun láti àárín dé ṣónṣó. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u. Owó tó ń ná lé e kò kéré, irun ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fẹ́ padà sí àwọ̀ blọ́ǹdì tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Ta ni kò ní sọ pé kí ló le níbẹ̀? Irun funfun ló wà nílẹ̀, àwọ̀ tó ṣú jù ú lọ díẹ̀ la fẹ́ fi kùn ún. Wọ́n ra aró tí wọ́n kọ blọ́ǹdì àdánidá sí lára páálí rẹ̀, wọ́n fi kun irun, wọ́n dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kí wọ́n dúró, wọ́n ṣàn án. Irun jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Bí orí bá bá a ṣe é, ó lè má di ewé, kó kàn ṣú bí ẹni pé wọn ò fọ̀ ọ́ láti oṣù tó kọjá.

Aró yẹn kò bàjẹ́ o. Ẹni tó pò ó pò ó fún irun tí àwọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Irun tí bílíìṣì ti gbá inú rẹ̀ mọ́ kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ rárá.

Irun blọ́ǹdì kì í ṣe irun tí kò ní àwọ̀. Irun tó ní àwọ̀ díẹ̀ ni. Èyí tí bílíìṣì bó ni kò ní. Ẹni tí kò bá ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, aró yòówù kó rà, owó ló ń sọ sómi.

Mẹ́láníìnì ló ń fún irun ọmọ ènìyàn ní àwọ̀, bó ṣe ń fún awọ ara wa. Nísàlẹ̀ irun kọ̀ọ̀kan, nínú ihò tó ti ń hù, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣe é, kí wọ́n sì máa kó o fún irun bó ṣe ń yọrí. Oríṣi rẹ̀ méjì ló kàn wá. Yumẹ́láníìnì dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ilẹ̀. Fiomẹ́láníìnì pọ́n, ó sì ń fà sí ìyeyè. Irun tiwa kún fún ti àkọ́kọ́. Irun aláwọ̀ bàbà tí a máa ń rí lórí àwọn ará Scotland àti Ireland kún fún ìkejì. Irun blọ́ǹdì ni èyí tí yumẹ́láníìnì kéré gan-an nínú rẹ̀. Mo ní ó kéré, mi ò ní kò sí.

Bó ṣe kéré tó, ohun tó ń fa ìdínkù náà kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2014, David Kingsley àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde lórí irun àwọn ará àríwá Yúróòpù. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú DNA wọn. Kò tiẹ̀ sí nínú apilẹ̀ àbùdá tí wọ́n ń pè ní KITLG fúnra rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló wà sí i, níbi tó ti ń pàṣẹ fún un. Lẹ́tà yìí ń dín agbára apilẹ̀ àbùdá náà kù ní ìdí irun, bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, irun á sì mọ́ sí i. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ní erékùṣù Solomon, lójú òkun Pàsífíìkì, àwọn ènìyàn wà tí awọ wọn dúdú bíi tiwa, tí bí 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ní irun blọ́ǹdì láti kékeré. Àwọn kan ní oòrùn àti omi òkun ló fà á, àwọn mìíràn ní ọmọ òyìnbó atukọ̀ ni wọ́n. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé ìyípadà kan nínú apilẹ̀ àbùdá TYRP1 ló wà nídìí rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ lára àwọn ará Yúróòpù. Nílé níbí, ẹ wo irun ọ̀pọ̀ àfín dáadáa nígbà mìíràn. Ìyeyè ni, kò funfun, nítorí ìwọ̀nba mẹ́láníìnì ṣì kù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ oníbàárà wa. Àwọ̀ wo gan-an ló ń béèrè? Ọ̀pọ̀ ọmọ òyìnbó ni irun wọn máa ń mọ́ rekete ní kékeré, tí á wá máa ṣú bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Èyí tó ń rántí lè jẹ́ irun ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú fọ́tò ìyá rẹ̀. Èyí tó ń hù lórí rẹ̀ lónìí yàtọ̀. Àwọn aṣerunlóge ń fi nọ́ńbà ka bí irun ṣe ṣú sí: 1 ni dúdú kirikiri, 10 ni blọ́ǹdì tó mọ́ jù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń pe ara rẹ̀ ní blọ́ǹdì ló wà ní ìpele 7 tàbí 8, àwọ̀ kan tí kò ṣe wúrà, tí kò ṣe ilẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń fi í wé ajá ìgboro, àwọn ará Finland ní ojú títì ló jọ. Tí wọ́n bá ń sọ báyìí nípa irun orí ẹni, ta ni kò ní sá tọ bílíìṣì lọ? Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí páálí aró, kí ó kọ́kọ́ la irun náà níbi ìpàkọ́, kó sì wo sẹ̀ńtímítà bíi mélòó kan tó ti hù láti ìgbà tí bílíìṣì ti kan án kẹ́yìn. Kí ó wò ó lójú ọ̀sán, nítòsí fèrèsé. Àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́ nìyẹn. Bí kò bá wù ú, kí wọ́n ti sọ ọ́ síbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bílíìṣì ti pẹ́. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Venice a máa jókòó sórí òrùlé nínú oòrùn pẹ̀lú àkẹtẹ̀ tí wọ́n gé àtàrí rẹ̀ kúrò, kí oòrùn lè rí irun bá jà, kí ojú má sì dúdú. Louis Jacques Thénard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe haidirójìn pẹrọ́sáìdì lọ́dún 1818. Níbi ìpàtẹ ńlá ti Paris lọ́dún 1867, oníkẹ́míkà kan láti London, E. H. Thiellay, àti aṣerunlóge Léon Hugo fi han aráyé pé omi yìí lè sọ irun di aláwọ̀ wúrà. Nígbà tí Jean Harlow ṣe fíìmù Platinum Blonde lọ́dún 1931, irun funfun báláú ti di ohun tí ọmọge Amẹ́ríkà ń lálàá rẹ̀.

Lónìí, pẹrọ́sáìdì tí wọ́n ń tà fún àwọn aṣerunlóge máa ń jẹ́ ìdá 3, 6, 9 tàbí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun nìkan kò lágbára tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kan tó máa ń ta sí imú èèyàn, tó sì ti fi ikọ́ fée ta ọ̀pọ̀ aṣerunlóge lọ́rẹ. Àpòpọ̀ náà á mú irun wú, àwọn ìpẹ́ wíńníwínní tó bo irun lára á ṣí, ọ́síjìn á wọlé, á sì fọ́ mẹ́láníìnì sí wẹ́wẹ́ títí omi á fi gbé e lọ. Yumẹ́láníìnì ló ń kọ́kọ́ kú. Fiomẹ́láníìnì lágídí jù ú lọ. Ohun tó fà á nìyẹn tí irun tó ṣú fi ń kọ́kọ́ pọ́n, kó tó di àwọ̀ ọsàn, kó di wúrà, kó sì wá di ìyeyè tó ti rẹ̀ bí inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Ìpele 10 nìyẹn. Ẹ fi bí àwọn àwọ̀ wọ̀nyí ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn sọ́kàn, nítorí ọ̀nà yẹn kan náà la máa gbà padà.

Mẹ́láníìnì nìkan kọ́ ló bá a lọ. Irun tí kẹ́míkà kò tí ì kàn ní ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, òun ni kì í jẹ́ kí omi tètè rá sínú rẹ̀. Bílíìṣì ń ṣí ọ̀rá yẹn kúrò, kì í sì í padà wá. Ó tún ń já lára àwọn okùn sọ́fọ̀ tó so kẹ́rátíìnì inú irun pọ̀. Irun tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ń mu ohunkóhun tí wọ́n bá dà sí i. Ó ń yára mu aró, ó ń mu ún lámujù, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú.

Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo rí ti mọ ìdajì ohun tí aró irun ń ṣe. Aṣọ àdìrẹ ń jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ tó fà sí ewé àti ìyeyè, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, á sì di búlúù lójú wa. Ní ìrísí tó ń yòrò ló fi wọ inú òwú. Ọ́síjìn ló sọ ọ́ di èyí tí kò yòrò mọ́, tó fi há síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aró irun tí kì í ṣí bọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jáde nínú ike kò tí ì ní àwọ̀ tó máa ní. Àwọn ohun wíńníwínní kan ló wà nínú rẹ̀, PPD tàbí ìbátan rẹ̀ PTD pẹ̀lú àwọn mìíràn. Wọ́n á wọ inú irun, pẹrọ́sáìdì á bá wọn níbẹ̀, wọ́n á so mọ́ra wọn, wọ́n á tóbi, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé kò sì ní gbà wọ́n jáde mọ́. Irú aró yìí ni Eugène Schueller ń pò ní Paris lọ́dún 1907, kó tó dá ilé iṣẹ́ tó di L'Oréal sílẹ̀ lọ́dún 1909. Lára irun tí bílíìṣì ti bó ni ìṣòro wà: ilẹ̀kùn ibẹ̀ kò tì mọ́.

Wàyí o, kí ló sọ irun oníbàárà wa di ewé? Àwọn tó ń ṣe aró blọ́ǹdì mọ̀ pé tí pẹrọ́sáìdì bá kan irun àdánidá, á ṣí díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀, pípọ́n àti wúrà á sì yọjú. Wọ́n máa ń fi búlúù, àwọ̀ ewé tàbí àlùkò díẹ̀ sínú aró láti pa pípọ́n yẹn. Aró tí wọ́n kọ eérú sí lára páálí rẹ̀ ló ní i jù. Lórí irun tí bílíìṣì ti bó, kò sí pípọ́n kankan tó fẹ́ pa. Ìyeyè rírẹ̀ nìkan ló bá nílẹ̀. Búlúù pàdé ìyeyè, ọmọ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kun àwòrán mọ ohun tí wọ́n máa bí.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rù wúrà ló ń ba àwọn oníbàárà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń bó irun ni wọ́n ti ń bá pípọ́n jà, wọ́n ti ra ṣáńpù aláwọ̀ àlùkò títí, wọ́n ti kórìíra ohunkóhun tó bá fà sí ọsàn. Kí ẹ sì wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àwọ̀ tó ń sá fún gan-an ni ẹ máa kọ́kọ́ kùn sí i lórí! Bẹ́ẹ̀ òun ni oògùn rẹ̀. Ohun tí bílíìṣì kó lọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá padà sábẹ́, kí wọ́n tó gbé àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ lé e lórí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Tí irun bá wà ní ìpele 10, tí gbòǹgbò sì wà ní 7, ìpele mẹ́ta ló sọnù. Nígbà tí irun ń gba ọ̀nà yẹn lọ, ó kọjá lára ọsàn àti wúrà. Ọsàn àti wúrà ló gbọ́dọ̀ tún padà. Aṣerunlóge á pò aró aláwọ̀ wúrà tó ní bàbà díẹ̀ nínú, ní ìpele 8, ìyẹn ìpele kan tó mọ́ ju ibi tí wọ́n ń lọ. Kì í ṣe aró líle o. Èyí tí kò ní àmóníà púpọ̀, tí pẹrọ́sáìdì rẹ̀ kò ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tó sì lè kéré jù bẹ́ẹ̀, ló yẹ, nítorí kò sí àwọ̀ kankan tí a tún fẹ́ ṣí. Wọ́n á kùn ún sí ibi tí bílíìṣì dé nìkan. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, irun náà á pọ́n débi pé ẹni tó ni ín lè bú sẹ́kún níwájú dígí. Kó fara balẹ̀. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á fi táwẹ́lì fún omi rẹ̀, wọn á sì wá gbé àwọ̀ blọ́ǹdì gidi lé e, èyí tí kò fà sí eérú, tí kò fà sí wúrà. Pípọ́n tó wà nísàlẹ̀ á sì fara sin sábẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń ṣe nínú irun àdánidá. Tó bá jẹ́ ìpele kan péré ló sọnù, wọn kì í sábà pín in sí ẹ̀ẹ̀méjì. Wúrà díẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ aró náà á tó.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara páálí. Irun tó ń mu aró lámujù á sọ ìpele 7 di 6, á tún sọ ọ́ di 5 níbi ṣónṣó tó gbẹ jù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ń mú ìpele kan tó mọ́ ju èyí tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Kí aró ṣú jù ni ẹ bẹ̀rù. Èyí tó mọ́ jù ṣe é tún kùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Aró kì í ṣí aró, bílíìṣì ni á tún ṣí èyí tó ṣú jù, a ò sì tìtorí ìyẹn wá síbí. Kí wọ́n gé irun tín-ín-rín kan ní ìpàkọ́, níbi tí kò hàn, kí wọ́n fi dán gbogbo rẹ̀ wò ṣáájú. Wákàtí kan ló máa ná wọn.

Kí wọ́n má sì fi aró páálí kan gbòǹgbò. Gbòǹgbò ni àwòṣe tí a ń tẹ̀ lé, àwọ̀ tirẹ̀ kò sọnù. Pẹrọ́sáìdì inú ọ̀pọ̀ aró páálí jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá kan irun tuntun tó gbóná láti ara awọ orí, á ṣí àwọ̀ rẹ̀, gbòǹgbò á pọ́n, ṣónṣó á ṣú. Irun á wá ní àwọ̀ méjì, tí ìkankan kò sì jọ ti ìyá tó bí i.

Blọ́ǹdì gidi kì í jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo. Oòrùn a máa bó ṣónṣó, ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ a máa ṣú, eteetí a máa mọ́. Aṣerunlóge tó já fáfá á pò àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó súnmọ́ra, á sì fà wọ́n sínú irun níbi tó yẹ, dípò kó da ọ̀kan ṣoṣo bo gbogbo orí. Ó gbówó lórí ju páálí ilé ìtajà lọ. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọge wa ní Èkó àti ní Peckham tí wọ́n bó irun wọn, tí wọ́n sì fẹ́ padà sí dúdú. Dáì dúdú á mú un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí àní-àní. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á sì lè máa fà sí ewé, nítorí pé kò sí pípọ́n lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi pupa sílẹ̀ níbẹ̀. Tí irun náà bá tún ti jẹ rílásà rí, kí wọ́n má ṣe é fúnra wọn nílé.

Ẹ̀yìn etí tàbí ìgbọ̀nwọ́ ni kí wọ́n fi aró díẹ̀ sí ní wákàtí 48 ṣáájú, ní gbogbo ìgbà, kódà bí wọ́n bá ti ń lo aró náà tipẹ́. PPD kì í bá gbogbo ara mu. Ojú ẹlòmíràn á wú débi pé kò ní lè ṣí i. Laali dúdú tí wọ́n fi ń ya ọwọ́ níbi ìgbafẹ́ etí òkun sábà máa ń ní PPD tó pọ̀ jù, ẹni tó bá sì ti bá a jà nígbà kan lè má lè lo aró irun mọ́ títí ayé. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí PPD tó bá kan orí ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n sì ń kọ ọ́ sára páálí pé aró náà kò wà fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 16. Bí irun bá sì ti bá aró tó ní òjé tàbí irin mìíràn nínú pàdé rí, pẹrọ́sáìdì lè mú un gbóná kó sì já, torí náà kí oníbàárà jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ti fi sórí.

Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan kò ní parí ọ̀rọ̀ yìí. Aró á máa ṣí lára irun tó ti ń jò, ìyeyè á tún máa yọjú, wọ́n á sì ní láti tún un kùn ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà pẹ̀lú aró fẹ́ẹ́rẹ́. Omi gbígbóná ń yára ṣí i. Omi adágún ìwẹ̀ máa ń sọ irú irun bẹ́ẹ̀ di ewé; bàbà inú omi ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe kílórínì bí ọ̀pọ̀ ti rò, nítorí náà kí wọ́n fi omi lásán rin irun kí wọ́n tó bọ́ sínú rẹ̀. Irun ń hù ní bíi sẹ̀ńtímítà kan lóṣù. Èyí tó gùn tó 30 sẹ̀ńtímítà á gbà tó ọdún méjì àbọ̀ kí ti àdánidá tó gba ipò rẹ̀ pátá, bí wọ́n bá ń gé ṣónṣó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ṣáńpù aláwọ̀ àlùkò tó wà ní balùwẹ̀ kò wúlò mọ́, wúrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà ló máa pa. Kí ó fún àbúrò rẹ̀ tó ṣì ń bó tirẹ̀.